Fritz Pollard: ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ká rántí ni, àbí òwò rẹ̀?

Àdìó Ṣikágò: Ẹ̀yin ará, mo tún ka ìtàn Frederick Douglass Pollard lánàá, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Fritz. Ṣikágò níbí ni wọ́n bí i sí ní 1894, ní Rogers Park. Bàbá rẹ̀ ń gẹrun, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Ó dùn mí pé bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Lọ́dún 1922, ó dá ilé iṣẹ́ ìdókòwò F.D. Pollard and Company sílẹ̀, wọ́n sì kà á sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọwọ́ aláwọ̀ dúdú. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ju bọ́ọ̀lù tó gbá lọ.

Kọ́lá Ọ̀ṣọ́gbo: Bọ̀dá Àdìó, mi ò gbà rárá. Ilé iṣẹ́ yẹn wọ gbèsè, ó kógbá sílé ní 1931. Ta ló lè pa ohun tó ṣe lórí pápá rẹ́? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1916, ó bá yunifásítì Brown lọ gbá Rose Bowl, ìdíje ńlá àwọn yunifásítì, ní Pasadena, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá a. Yunifásítì Washington State nà wọ́n 14 sí òdo lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ kí ọdún tó parí, Brown ti na Yale, ó ti na Harvard, nínú sáà kan ṣoṣo. Ní 1920, ẹgbẹ́ Akron Pros tó ń gbá fún gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ ti líìgì tó di NFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ò sì nà wọ́n. Ọdún kejì, ó ti di kóòṣì wọn. Láti ìgbà náà, 1989 ni NFL tó tún ní kóòṣì àgbà aláwọ̀ dúdú, Art Shell. Ọdún méjìdínláàádọ́rin!

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ n béèrè o. Ṣé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré, tí wọ́n ń wó ara wọn lulẹ̀ yẹn ni? Bó bá mọ̀ ọ́n gbá tó báyìí, kí ló tún ń wá nídìí òwò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Òun ni, Ìyá. Ìbéèrè yín gan-an ló gbé ọ̀rọ̀ náà. Ní Akron, inú ṣọ́ọ̀bù ṣìgá ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ náà ló ti ń pààrọ̀ aṣọ, nítorí ìwà àwọn èèyàn ìlú sí i. Bí wọ́n bá wó o lulẹ̀, á yára dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, á na bàtà onírin rẹ̀ sókè, kí wọ́n má baà rọ́ lù ú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1926, kò gbá nínú líìgì náà mọ́. Nígbà tó sì di 1934, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú títí di 1946. Kí ni kó jẹ? Ó ta èédú. Ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú jọ ní Harlem, àdúgbò kan ní New York, ó sì ń kọ́ ẹgbẹ́ wọn, Brown Bombers. Láti 1935 sí 1942 ó ń tẹ ìwé ìròyìn, New York Independent News. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní Sun Tan Studios, níbi tí àwọn olórin ti ń dánrawò.

Kọ́lá Ọ̀ṣọ́gbo: Ẹ wò ó bó ṣe ń bọ́ látinú òwò kan sí òmíràn! Ẹni tó rí ṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àdìó Ṣikágò: Kọ́lá, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọdún 1929 tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, báǹkì àwọn òyìnbó pàápàá wó lulẹ̀. Èwo wá ni ti ẹni tó ń dá dúró?

Ìyá Ìbejì: Kọ́lá ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ti kógbá sílé. Ìgbà àkọ́kọ́, mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin, ojú ń tì mí láti gba ọjà kọjá. Owó tí mo fi rán Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ sílé ìwé, inú èyí tí mo dá padà ló ti jáde. Má pe ẹni tó dìde lẹ́ẹ̀kan sí i ní ẹni tí kò rí ṣe. Ìyẹn dùn mí.

Kọ́lá Ọ̀ṣọ́gbo: Ẹ má bínú, Ìyá. Mo tọrọ àforíjì, mo sọ ọ́ láìdáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà gba àmì ẹ̀yẹ bàbà níbi eré sísá tí wọ́n ń fo ìdènà ní Òlíńpíìkì Berlin, 1936. Ẹsẹ̀ wọn yá nílé yẹn!

Kọ́lá Ọ̀ṣọ́gbo: Ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ náà la tún padà sí. Mo gbà pé ìwé ìròyìn yẹn tóbi, nítorí ó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní ohùn. Ti ìdókòwò ni mi ò tíì gbà. Ohun tó ń ká mi lára ni pé 1986 ló kú, ẹni ọdún 92, 2005 ni NFL sì tó gbé orúkọ rẹ̀ sí ilé àwọn akọni wọn. Ọdún 19 lẹ́yìn tó ti sùn.

Àdìó Ṣikágò: Ti ìyẹn, a jọ gbà.