Wọ́n Lọ́ńṣì Ìwé Tán, Ta Ló Kà Á?

A ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wo fíìmù tí wọ́n fi tẹ̀lé Michelle Obama kiri nígbà tó ń gbé ìwé ẹ̀, Becoming, láti ìlú dé ìlú, èyí tí Nadia Hallgren darí tó jáde lórí Netflix ní 2020. Ìlú 34 ni, èrò bí omi, tíkẹ́ẹ̀tì ò sì rọjú. Ilé iṣẹ́ òun àti ọkọ ẹ̀ ló wà nídìí fíìmù ọ̀hún o, ẹni tó bá ń ya fọ́tò ara ẹ̀ ò ní ya ibi tí aṣọ ẹ̀ ti ya. Síbẹ̀ ibì kan wọ̀ wá lára: obìnrin ńlá yìí jókòó ti àwọn ọmọbìnrin iléèwé, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá wọn lóhùn, kò kánjú.

Èkìtì tá a fi ń yangàn pírọ́fẹ́sọ̀ ńkọ́? Lọ́ńṣìn kan tá a lọ l'Ádó, aago mẹ́wàá ló wà nínú káàdì, aago kan kọjá kí wọ́n tó pe àwọn èèyàn sí háì tébù, ni MC bá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe owó, olóyè yìí dìde, olóyè yẹn dìde, à ń pàtẹ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ka ojú ewé kan péré sí wa létí. Àwọn ọmọ iléèwé tó jó ijó nínú òòrùn gba mítípáì àti mínírà. Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé náà lórí tábìlì, ó ń yí i wò, obìnrin tó ń tà á já a gbà: "Gbé e kalẹ̀, títà ni."

Ká pa lọ́ńṣìn oníháì tébù yìí tì. Ẹni bá kọ̀wé, kó gbé e lọ bá àwọn ọmọ níléèwé wọn, ìjọba ìbílẹ̀ 16 péré la ní, kí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ sì gbé kámẹ́rà tẹ̀lé e. Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ṣì wà láyé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó tì wọ́n. Adé Àjàyí, òpìtàn ọmọ Ìkọ̀lé, ti lọ láti 2014, kò sí bá a ṣe fẹ́ bẹ ìyẹn mọ́.

Wọ́n á ní owó lọ́ńṣìn ni wọ́n fi ń san gbèsè ìtẹ̀wé. A gbà, ó wọ́n lóòótọ́. Kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ olóyè, àmọ́ ogún ẹ̀dà nínú ohun tó rà, kó bá àwọn ọmọ tó jó wọ bọ́ọ̀sì lọ.