Ẹ bá mi kọ orúkọ Ali Eisami sábẹ́ àwòrán Koelle

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi o. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Sigismund Koelle báyìí, míṣọ́nnárì ayé àtijọ́ tó kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ sínú ìwé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé òun ló gba èdè Áfíríkà là. Ó máa ń bí mi nínú díẹ̀. Èdè tí àwọn tó ni ín ń fi ná ọjà, tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kí ló fẹ́ pa á tó fi gbà á là?

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, nítorí ohun mìíràn ni.

Ọmọ Württemberg ní Jámánì ni. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. rán an lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ní 1847, ó sì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Freetown ìgbà náà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń já àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí, torí náà kò sí èdè tí ẹ ò ní bá níbẹ̀. Koelle kàn ń pe wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Báwo lẹ ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta? Kí lẹ ń pe baba? Orí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó tó ọ̀ọ́dúnrún ni ó ń bi ẹnì kan. Ìyẹn ló di Polyglotta Africana, ìwé tó to ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà lóríṣiríṣi, tó jáde ní 1854.

Ibi tó ti wọ̀ mí lọ́kàn nìyí: ó kọ orúkọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ síwájú ìwé náà. Ìlú tí wọ́n ti wá, bí wọ́n ṣe mú wọn, ọdún tí wọ́n ti lò nílé àjèjì, àti iye ará ìlú wọn tó kù ní Sàró tí wọ́n lè bá sọ èdè náà. Ti àwọn mìíràn, kò ku ẹnì kankan.

Àwa náà wà níbẹ̀. Àkú ló pè wá, láti inú ìkíni wa. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà, gbogbo wọn ló to sábẹ́ Àkú, Yorùbá sì jẹ́ ọ̀kan péré láàárín wọn. Ó tilẹ̀ bá àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé àṣìṣe ni bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo wa. Lójú tèmi, òótọ́ ló sọ nígbà náà, àmọ́ orúkọ ti mọ́ni lára tán. (Ìjẹ̀bú, "Dsebu" ló kọ ọ́. J tiwọn ní Jámánì, bíi Y ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Òde rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n Ali Eisami lẹni tí mi ò lè gbàgbé. Kànúrí ni, ará Borno, ọmọ ààfáà. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á títí ó fi dé Ọ̀yọ́. Ogun Ìlọrin wá bẹ́ sílẹ̀, ẹrú tó bá sì ti sá lọ jà níbẹ̀ ti di òmìnira. Ni ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bá gbà á nímọ̀ràn pé bí o kò bá tètè ta eléyìí, yóò sá lọ sógun, owó ẹyọ rẹ á sì wọmi. Bí wọ́n ṣe mú un dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) létí òkun nìyẹn, tí wọ́n tà á fún òyìnbó. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ wọn lórí òkun ní 1818.

Ní Sàró, wọ́n sọ ọ́ ní William Harding. Nígbà tí Koelle fẹ́ kọ́ Kànúrí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ jókòó, àtìtàn àtàlọ́ ni bàbá náà ń sọ fún un, títí kan ìtàn ayé ara rẹ̀. Koelle kọ gírámà Kànúrí, wọ́n ń pè é ní ọ̀mọ̀wé káàkiri Yúróòpù.

Tí ẹ bá tún máa gbé àwòrán Koelle síta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ali Eisami ló kọ́ ọ.