Gbèsè Bataan Ṣì Wà Lọ́rùn Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, orí ìwé nìkan ni Dífíṣọ̀n 41 ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Fílípíìnì wà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1942, ó ti jagun tán ní Bataan, ilẹ̀ kan ní Fílípíìnì tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, ó sì ti túká. Ọ̀ràn tó fi sílẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohun tí a sì dúró lé ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fagi lé òfin ọdún 1946 tó sọ pé iṣẹ́ ogun tí irú àwọn ọmọkùnrin yìí ṣe lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà kì í ṣe iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà.

Àṣẹ náà kò fara sin. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1941, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Fílípíìnì, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà nígbà náà, bọ́ sábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi Ọ̀gágun Douglas MacArthur ṣe olórí. Vicente Lim, ọmọ Fílípíìnì àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní West Point, ilé ẹ̀kọ́ ológun Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi Dífíṣọ̀n 41 lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó jọ ni kò tíì yìnbọn rí. Ìbọn Enfield àtijọ́ tí wọ́n pín fún wọn gùn jù fún wọn, fọ́nrán àgbọn ni wọ́n fi ṣe akoto orí wọn, bàtà wọn sì tètè ń ya.

Síbẹ̀, nígbà tí ogun Jàpáàn kọlu ìlà ààbò Abucay ní Bataan ní oṣù Kìíní ọdún 1942, tí ìlà Dífíṣọ̀n 51 tó wà lọ́wọ́ òsì wọn sì já, àwọn ọmọ ogun Lim di àyè wọn mú títí àṣẹ fi dé pé kí gbogbo ogun padà sẹ́yìn. Ìdajì oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ, ibà ń ṣe wọ́n, kuníìnì sì ń tán lọ. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, àgbá ogun àti ọkọ̀ òfurufú rọ̀jò iná lé wọn lórí ní ìsàlẹ̀ Òkè Samat fún wákàtí bíi márùn-ún, títí ọparun àti igbó gbígbẹ tí wọ́n sá pamọ́ sí fi gbiná. Ẹni tí bọ́ǹbù kò pa, iná lé e jáde. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Ọ̀gágun Edward King, ará Amẹ́ríkà tó ń darí ogun ní Bataan, túúbá, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ da àwọn tó kù lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n O'Donnell, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti kú. Ọwọ́ ogun Jàpáàn tẹ Lim fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 1944, wọ́n sì pa á.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1946 ni Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin náà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òfin náà kò mú ojúṣe Amẹ́ríkà sí àwọn jagunjagun wọ̀nyí kúrò, síbẹ̀ ó fọwọ́ sí i. Àwa tí àwọn bàbá wa àgbà jagun Bọ́má fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ Arakan, ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́má, ṣì wà lára bárékè ní Apapa, mọ irú ojúṣe ẹnu lásán bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti san án. Lóòótọ́, ní ọdún 2009, wọ́n fọwọ́ sí dọ́là 15,000 fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà àti 9,000 fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì so ó mọ́ àdéhùn pé ẹni tó bá gbà á kò ní béèrè ohun mìíràn mọ́ nítorí iṣẹ́ ogun náà. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n dá padà nítorí pé wọn kò rí orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ ológun Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2017 ni wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ wúrà dá wọn lọ́lá, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú.

Àwọn mìíràn ní ìjọba Fílípíìnì ló yẹ kó tọ́jú wọn. Ilẹ̀ náà kò tíì gba òmìnira nígbà tí iná ń jó ní Òkè Samat. Oṣù Keje ọdún 1946 ló gbà á, lẹ́yìn tí òfin náà ti jáde.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àbá òfin tó máa tún ọ̀ràn yìí ṣe ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, tí kò sì jáde. Kí wọ́n gbé e jáde fún ìbò, kí wọ́n tẹ́wọ́ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ogun láti ọwọ́ ìjọba Fílípíìnì, kí ẹ̀tọ́ náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn opó tó ṣì wà láyé.