Kí Ìjọba Yọwọ́ Kúrò Nínú Yíyan Ìwé

Ní ọdún 1992, ìwé kan wà lára àwọn tí Pọ́túgàl fẹ́ fi ránṣẹ́ láti du ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. António Sousa Lara, igbákejì akọ̀wé ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àṣà nígbà náà, fagi lé e. Àlàyé tó ṣe ni pé ìwé náà tàbùkù sí ìgbàgbọ́ àwọn ará Pọ́túgàl, pé kò so wọ́n pọ̀, ńṣe ló ń pín wọn níyà. José Saramago, òǹkọ̀wé ọmọ Pọ́túgàl, ló kọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Pilar del Río, ìyàwó rẹ̀, kó lọ sí Lanzarote, erékùṣù ilẹ̀ Sípéènì tó wà lójú òkun létí Áfíríkà. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ọdún 2010, lẹ́ni ọdún 87.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í pẹ́ kí wọ́n tó fò dé ọdún 1998, nígbà tí Saramago gba ẹ̀bùn Nobel, tó di ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á nínú àwọn tó ń fi èdè Potogí kọ̀wé. Wọ́n á ní, ẹ ò rí i bí ojú ṣe ti ìjọba. A ò fara mọ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Nobel ló sọ ìfagilé yẹn di àìdára, a jẹ́ pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe fún gbogbo òǹkọ̀wé tí ìjọba yọ orúkọ wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sì fún ní nǹkan kan títí wọ́n fi kú. Ohun tí Sousa Lara ṣe ti burú tán ní ọjọ́ tó ṣe é. Kì bá tí dára sí i ká ní àwọn tó ń fúnni ní Nobel ní Stockholm ò rántí Saramago láé.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n fọwọ́ tì sẹ́yìn. Abúlé Azinhaga ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1922, sínú ìdílé tí kò ní ilẹ̀ oko kankan. Bàbá ìyá rẹ̀, Jerónimo, àti ìyàwó rẹ̀ Josefa, kò mọ̀wé kà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sìn jẹun. Bí òtútù bá mú gan-an lóru, wọ́n á lọ gbé àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ara wọn ò le wọlé, wọ́n á sì tẹ́ wọn sáàárín ara wọn lórí ibùsùn, lábẹ́ aṣọ ìbora kan náà. Àánú nìkan kọ́, nítorí bí ẹran yẹn bá kú, oúnjẹ wọn ló lọ. Nígbà tí Jerónimo sì rí i pé òun ò ní pẹ́ kú, ó jáde sínú ọgbà, ó dì mọ́ àwọn igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún, ó ń dágbére fún wọn. Ìtàn àwọn méjèèjì yìí ni Saramago dúró sọ níwájú àwọn tó fún un ní Nobel, ó ní ẹni tó gbọ́n jù lọ tí òun mọ̀ láyé kò mọ̀wé kà.

Òun alára, àìlówó ló lé e kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ilé ìkàwé gbogbogbòò ní Lisbon ló ń lọ, kò sí olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1947. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní ọdún 1953, Clarabóia, kò rí èsì kankan gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti kú tán kó tó jáde ní ọdún 2011. Ó ti lé ní ẹni ọdún 50 kó tó lọ gbé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ oko ní Lavre, ní agbègbè Alentejo. Ibẹ̀ ló ti rí ìtàn Levantado do Chão tó jáde ní ọdún 1980, ibẹ̀ náà ló sì ti rí ọ̀nà ìkọ̀wé tí gbogbo ayé fi wá mọ̀ ọ́n: gbólóhùn gígùn tí kò ní àmì tó ń ya ọ̀rọ̀ ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára tẹlòmíràn, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àgbàlagbà.

Kí ló wà nínú ìwé tí wọ́n fagi lé, O Evangelho segundo Jesus Cristo, ìyẹn Ìhìn Rere Gẹ́gẹ́ Bí Jésù Kristi? Ohun tó dun onígbàgbọ́ pọ̀ níbẹ̀, a ò ní fi pa mọ́. Ọlọ́run inú ìwé náà ń wá agbára kiri. Jésù àti Màríà Magidalénì ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí. Jósẹ́fù gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ogun pé Hẹ́rọ́dù ti ní kí wọ́n pa àwọn ọmọdé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó sáré, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gba ọ̀nà ihò àpáta tí ọmọ tirẹ̀ wà. Kò yà sílé ẹnikẹ́ni. Kò ké sí bàbá kan pé kó gbé ọmọ rẹ̀ sá. Wọ́n pa àwọn ọmọ náà, àlá burúkú sì ń da Jósẹ́fù láàmú títí ó fi kú. Ẹni tó gba ọmọ tirẹ̀ là, tó dákẹ́ fún ọmọ aládùúgbò, kí ni ìdájọ́ rẹ̀? Kì í ṣe ìbéèrè ọ̀tá ẹ̀sìn rárá. Orí àga ìwàásù gan-an ló yẹ kí wọ́n ti máa bi ìjọ léèrè rẹ̀.

Àlùfáà tó bá kórìíra ìwé yìí ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn Vatican bu ẹnu àtẹ́ lu Saramago nígbà tó gba Nobel, ó tún bu ẹnu àtẹ́ lù ú nígbà tó kú, Ìjọ Àgùdà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀. Ti ìjọba yàtọ̀. Owó orí tí onígbàgbọ́ san àti èyí tí aláìgbàgbọ́ san, inú àpò kan náà ló wà. Àwọn kan lè ní, ṣebí orúkọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n fẹ́ fi du ẹ̀bùn náà, ìjọba ò ha ní í sọ̀rọ̀ sí i ni? Orúkọ orílẹ̀-èdè kì í ṣe dúkìá ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí oyè. Ìjọba Aníbal Cavaco Silva, olórí ìjọba Pọ́túgàl nígbà náà, ló wà níbẹ̀ lọ́dún 1992. Àwọn ará Pọ́túgàl ti wà kó tó dé, wọ́n ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

A ò sì gbọdọ̀ gbàgbé ọdún 1975, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ràn Saramago kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba tó wáyé ní oṣù Kẹrin ọdún 1974, ìwé ìròyìn Diário de Notícias bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, Saramago, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísì láti ọdún 1969, sì di igbákejì olóòtú àgbà níbẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn kan kọ̀wé pé ọ̀nà tí wọ́n ń darí ìwé ìròyìn náà gbà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Mẹ́rìnlélógún nínú wọn ni wọ́n lé. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, afẹ́fẹ́ òṣèlú yí padà, wọ́n lé Saramago náà. Òun padà di ẹni ńlá, ó tilẹ̀ ń sọ pé lílé tí wọ́n lé òun ló jẹ́ kí òun jókòó kọ̀wé. Ta ló wá ń dárúkọ àwọn mẹ́rìnlélógún yẹn? Torí wọn la ṣe ní kì í ṣe Nobel ló yẹ ká máa fi wọn ọ̀rọ̀ yìí. Àtapá òsì àtapá ọ̀tún nínú òṣèlú, bákan náà ni ọwọ́ wọn ṣe ń rí bí àṣẹ bá ti bọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, Wole Soyinka àti Saramago jọ wà lára àwọn òǹkọ̀wé tó lọ sí Ramallah, ní ilẹ̀ Palẹ́sìnì, láti lọ kí Mahmoud Darwish, akéwì ọmọ ilẹ̀ náà. Soyinka tí ìjọba ológun Nàìjíríà tì mọ́lé láti ọdún 1967 sí 1969 ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ohun tí aláṣẹ lè fi ojú òǹkọ̀wé rí.

Ohun tí a ń fẹ́ kò le. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fi ìwé du ẹ̀bùn lórúkọ ìlú, kí àwọn tó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló yàn án, kí ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ abẹ gé. Kí mínísítà má ní àṣẹ àtifagi lé orúkọ kankan. Bí ìwé kan bá bí i nínú, kó kọ èsì tirẹ̀, kó gbé e fún ìwé ìròyìn, kó sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí òǹkàwé kan láàárín àwọn òǹkàwé yòókù.