Wàràkàsì Àyìnkẹ́

Ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù, n kò sì jẹ́ kí wàràkàsì, cheese àwọn òyìnbó, kan ètè mi rí. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ bá ti ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán wọn, òórùn rẹ̀ a máa gbé mi padà sí yàrá tí àwa ọmọkùnrin 20 ń sùn sí nílé ẹ̀kọ́ girama, ní ọ̀sẹ̀ tí omi kò yọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa kò kúkú tàn wá jẹ: wàrà ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi kàsì tì í lẹ́yìn, kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ má baà ní òun kò gbọ́. Mẹ́wàá irú rẹ̀ ni Jésè dì lé Dáfídì lọ́wọ́ pé kó gbé lọ fún olórí ogun, ó sì dá mi lójú pé lẹ́yìn ẹrù bẹ́ẹ̀, Gòláyátì kò lè dẹ́rù ba ọmọ náà mọ́.

Ìgbà tí Àyìnkẹ́ ọmọ wa pé oṣù mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò ó nílé sọ pé ó tó kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí kún ọmú. Mo ní ògì wà nílẹ̀. Ó ní ògì dára, ṣùgbọ́n kí a máa fún un ní wàràkàsì díẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò inú wàrà rẹ̀, tí wọn kò sì yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Ó kìlọ̀ pé kí a má fún un ní èyí tó rọ̀ tí funfun bò lára bíi brie àti camembert, tàbí èyí tí iṣan búlúù wà nínú rẹ̀, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ listeria. Mo béèrè ohun tí funfun náà jẹ́. Ó ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu ni. Èmi tí mo ti da odindi búrẹ́dì nù nítorí pé ó bu níbi kékeré kan!

Obìnrin náà tún ní wàrà màlúù kò gbọdọ̀ di ohun mímu ọmọ títí yóò fi pé ọdún kan, àmọ́ bí wàrà yìí kan náà bá ti dì, ó lè jẹ ẹ́. Mo mi orí bí ẹni tó yé.

Ìyá mi, tí wọ́n ti Ṣakí wá bá wa tọ́jú ọmọ, ni kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe wàrà náà ni? Ta ni ìyàwó Fúlàní ń gbé igbá wá bá lẹ́yìnkùlé wa láràárọ̀, bí kì í bá ṣe ìwọ?" Wọ́n béèrè bóyá ewé bòmubòmu ni àwọn òyìnbó náà fi ń mú tiwọn dì. Mo ní rárá o, ohun tó wà nínú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é látijọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n gbìyànjú."

Nígbà tí mo ra wàràkàsì líle tí wọ́n ń pè ní cheddar dé, ìyá mi ti gbé epo ẹ̀pà kaná. Wọ́n gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí wàrà dídín, wọ́n sì jù ú sínú epo. Wàrà ti ewé bòmubòmu kì í yọ́ nínú iná. Ojú rẹ̀ kàn ń pọ́n ni. Cheddar ní tirẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, ó ràn, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ páànù bíi gọ́ọ̀mù, àfi ìgbà tí mo fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ìyá mi wò mí pẹ̀lú àánú. "Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi."

A rin èyí tó kù, a sì bu fínńfín sórí ṣíbí. Nọ́ọ̀sì ti ní kí n kọ́kọ́ jẹ lójú ọmọ kó lè rí i bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà mo fi sẹ́nu, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Àyìnkẹ́ gbà á. Ó di ojú pọ̀, èjìká rẹ̀ gbọ̀n, ó na ahọ́n síta bí ẹni tó tọ́ àgbo wò. Inú mi ti ń dùn pé ọmọ mi ni lóòótọ́, kó tó la ẹnu gbàgà pé òun ń retí ṣíbí kejì.

Ọ̀dọ̀ àwọn Tọ́kì ní òpópónà wa ni ìyá mi ti wá rí wàràkàsì mìíràn tí ń jẹ́ halloumi. Wọ́n dín in, kò yọ́; wọ́n fi ata gígún wọ́n ọn, wọ́n ní Ṣakí ti dé. Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ le, iyọ̀ tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan yóò sì jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 1. Àyìnkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sí àwo náà láti orí àga rẹ̀. Ìyá mi rọra fà á sẹ́yìn.

"Má bínú, ìyá mi. Nọ́ọ̀sì yín ló ní kí n má fún ọ," wọ́n sì mú ẹyọ tó kù.