Èsì wa sí ọ̀gá tó ní a ti fáìlì òun pa

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ sọ ohun tó dùn yín jáde. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ 2. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ sọ ihò ilé bearing (òrùka irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí dáadáa) ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Mọ́níyà di ti bearing tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6205 dípò 6204, pé nígbà tí ẹ ṣí fáìlì STEP tí a fi àwòrán ilé bearing náà ránṣẹ́ sí yín, odindi ẹyọ kan ni ẹ bá níbẹ̀, kò sí ibi tí ẹ ti lè yí nọ́ńbà padà. Ẹ ní ńṣe la tì í pa kí ẹ lè tún wá sanwó.

A ò tì í pa rárá. STEP ni ẹ béèrè, kí oníṣẹ́ irin yín lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe STEP fún gan-an nìyẹn. Ìlànà àgbáyé ISO 10303 ni, wọ́n ti ń lò ó láti 1994. Ojú, etí àti igun iṣẹ́ náà ló ń gbé lọ. Bí a ṣe yà á ní ìpele-ìpele kì í sábà bá a lọ. Ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ìtàn rẹ̀ ni kò dé.

Ṣùgbọ́n ara yẹn ṣe é tún ṣe. Ìta 6204 jẹ́ 47 mm láti etí kan dé èkejì, fífẹ̀ rẹ̀ (bó ṣe nípọn tó) 14 mm. Ìta 6205 jẹ́ 52 mm, fífẹ̀ rẹ̀ 15 mm. Nínú FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya irú àwòrán yìí, ẹ lọ sí Part, ẹ ṣe Cylinder (òpó róbótó) tí radius rẹ̀, ìyẹn ìdajì 52, jẹ́ 26 mm, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 15 mm, ẹ gbé e sí àárín gbùngbùn ihò náà kí òkè rẹ̀ bá ẹnu ihò dọ́gba. Ẹ yan ilé bearing ṣáájú, ẹ yan Cylinder tẹ̀lé e, ẹ wá tẹ Cut. Tó bá jẹ́ ètò AutoCAD ni ẹ ń lò, àṣẹ SOLIDEDIT ni, Face, Offset, kí ẹ tẹ -2.5 fún ògiri ihò, -1 fún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibí yìí ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: 5 mm ni ihò fi fẹ̀ sí i, àmọ́ 2.5 mm ni ògiri rẹ̀ sún. Bí ẹ bá gbàgbé àmì ìyọkúrò yẹn, ihò á kéré sí i ni, torí Offset tí kò ní àmì yẹn ń mú kí ara sanra. Ọ̀pá tó ń wọ inú 6205 jẹ́ 25 mm, ti 6204 jẹ́ 20 mm, nítorí náà ihò tí ọ̀pá gbà yọ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ fẹ̀ náà.

Ohun tó kó wa láyà sókè jù lọ ni ògiri. 6 mm ni a fi sílẹ̀ yí bearing ká. Bí ẹ bá fẹ ihò nìkan, 3.5 mm ló máa kù, ẹ sì mọ bí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ṣe ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún ojú ìta náà síta ní 2.5 mm. Kọ̀ǹpútà lè kọ̀ nítorí fillet (igun tí a sọ di róbótó) tó wà ní ìdí rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, Defeaturing ni lórí FreeCAD, ẹ sún ojú náà, kí ẹ tó tún fillet fi sí i.

Ẹ tún kọ pé ẹnì kan ní kí ẹ fi Scale sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 1.106. Ẹ má ṣe é, ọ̀gá wa. 47 á di 52 lóòótọ́, àmọ́ ihò bóòtù 10 mm á di 11.06 mm, ibi tí bóòtù wà á sún, kò sì ní bá férémù mu mọ́.

Fáìlì FreeCAD tó ní gbogbo ìpele rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp yín, a ò gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ yín ni, ẹ̀tọ́ yín sì ni. Bí ẹ bá gba Mọ́kọ́lá kọjá, ẹ mú bearing tuntun náà dání, ká jọ fi kálípà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé irin.