Ta Ni Yóò Kọ́ Wọn Nígbà Tí Kọ́pà Bá Lọ?

Bí ẹ bá wọ ilé-ìwé gírámà abúlé kan ní Òkè-Ògùn tàbí ní agbègbè Àkókó, tí ẹ sì béèrè ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni, "Kọ́pà ni," ìyẹn agùnbánirọ̀ tó ń sìnlú fún ọdún kan. Ẹ béèrè ti kẹ́mísìrì, kọ́pà náà ni. Ti ìṣirò ńkọ́? Kọ́pà tó ń kọ́ físíìsì ló ń fi kún tirẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ti sìnlú tán, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni à ń sọ yìí o, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí kò gbé irú abúlé bẹ́ẹ̀ rí, tí kì í sì í gbọ́ èdè àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́ nígbà mìíràn.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973 tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ni ogun abẹ́lé ti parí. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ Ìgbò mọ ilẹ̀ Haúsá, kí ọmọ Yorùbá jẹun lọ́dọ̀ ará Calabar, kí ọ̀tá ara wọn àná lè di ojúlùmọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ti ṣe kọjá ìyẹn. Àwọn ni wọ́n ń jókòó ti ọmọ lálẹ́ kí ìdánwò WAEC tó dé, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ni wọ́n ń tọrọ owó kiri kí wọ́n lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí wọ́n tún òrùlé kíláàsì ṣe. Ewu ojú ọ̀nà kò sì yọ wọ́n sílẹ̀: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn ajínigbé kó ọ̀dọ́ mẹ́jọ ní Zamfara, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti Akwa Ibom lọ sìnlú ní Sókótó. Ẹni tó bá ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọ̀lẹ kò mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa bá wí. Wọ́n ti sọ ọmọ tó wá ranni lọ́wọ́ di òpó tó gbé ilé ró. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó àjẹmọ́nú agùnbánirọ̀, tó jẹ́ ₦33,000 lóṣù fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦77,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Ìpínlẹ̀ mìíràn a máa fi nǹkan díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kò lè tó owó oṣù olùkọ́, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá fẹ̀yìntì ní abúlé, wọn kò ní gba òmíràn sípò rẹ̀. Wọ́n á ní kọ́pà ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún kan náà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ ní àgọ́, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ìkàrẹ́, kí ọmọ náà tó rí ojú ilé-ìwé. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni ti iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, kò ní sí ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Lóṣooṣù, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ lọ ṣe kìlíráǹsì, ìyẹn láti fi hàn pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n tó lè san owó rẹ̀. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń kó wọn wá, kálẹ́ńdà ilé-ìwé kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Kọ́pà lè gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ku oṣù méjì, kí ó sì fi kíláàsì sílẹ̀ níbi tí àlàyé dé. Àwọn ọmọ tó kù sílẹ̀ yóò máa da ọ̀rọ̀ kọ látinú ìwé. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àgàgà igi tí a óò hú láàárín ọdún.

Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba olùkọ́ sí àwọn ilé-ìwé abúlé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí agùnbánirọ̀ tó ti sìn níbẹ̀ tó sì fẹ́ dúró. Wọ́n wà. Àwọn kan ti gbọ́ èdè ìlú, àwọn kan ti ní àfẹ́sọ́nà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti rí i pé iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n wáyé wá ṣe. Bí wọn kò bá tíì ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, kí ìjọba rán wọn lọ gbà á lásìkò ìsinmi. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun yóò máa san owó àjẹmọ́nú pàtàkì fún olùkọ́ tó bá gbà láti lọ sí ìgbèríko, òun yóò sì kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún wọn. Ọdún tí olùkọ́ yóò fi ṣiṣẹ́ di 40 láti 35, òfin sì ti wà lórí ìyẹn. Kí ìlérí ilé àti ti owó ìgbèríko náà di òfin tí gómìnà kan kò lè yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ń dùn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ agùnbánirọ̀ ló ń bẹ ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ó má gba àwọn, kí wọ́n lè gbé àwọn lọ sí ìgboro. Ẹ má ṣe bú wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi sí yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, tí yóò rìn lọ pọnmi kó tó wẹ̀, tí yóò san owó kí ó tó rí iná fi sí fóònù rẹ̀, báwo ni yóò ṣe fọkàn balẹ̀ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn? Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Kò yẹ kí alága ìjọba ìbílẹ̀ kankan tún máa sọ pé gómìnà ni kò jẹ́ kí òun tún ilé agùnbánirọ̀ ṣe.

Àwọn ará ìlú náà ní ipa tiwọn. Kànga ẹ̀rọ tí kọ́pà gbẹ́, tó bàjẹ́ lẹ́yìn tó lọ, baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló yẹ kí wọ́n dá owó tún un ṣe.

Láìpẹ́, ọ̀wọ́ mìíràn yóò tún jáde ní àgọ́. Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ tó lọ kí wọn káàbọ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ wo yàrá tí wọn yóò sùn, kí ó sì ka iye olùkọ́ tí yóò kù ní ilé-ìwé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà sílé.